Ẹni Tí Wọ́n Gbàgbé Láti Jí

Òkú ni Mutmainah fi mọ bàbá rẹ̀. Kì í ṣe òkú inú sàréè o, òkú inú fíìmù ni. Ọkùnrin náà nà gbalaja sórí iyanrìn ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, wọ́n da tìmáàtì alágolo sí i láyà kó lè jọ ẹ̀jẹ̀. Akọ̀ròyìn kan tó fi bírò há etí wá dúró lé e lórí, ó ní, "Ẹni tó pa ọkùnrin yìí kò mọ̀ pé ìwé ìròyìn kì í sùn." Lékeléke kan fò kọjá lẹ́yìn wọn, àwòrán yí padà, ó tán. Ibẹ̀ nìkan ni Mutmainah ti rí ẹni tó bí i. Omi ti ba gbogbo fọ́tò ilé wọn jẹ́ tipẹ́, ọ̀sà sì ti gbé Mùsílíù bàbá rẹ̀ lọ nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ.

Adéòjó Akọ̀ròyìn ni wọ́n ń pe fíìmù náà. Ẹni tó bá dàgbà sí Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gbòde yóò rántí irú rẹ̀. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò tó nǹkan, kò sì fi ara pa mọ́. Kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, "A, B, D" ṣì wà lára pátákó lẹ́yìn olóòtú. Péjò kan ṣoṣo ni ọlọ́pàá gùn tí olè náà gùn, nọ́ḿbà rẹ̀ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀. Igi tí wọ́n kùn ní dúdú ni ìbọn. Síbẹ̀, bí Adéòjó bá ti wọ ilé ọ̀daràn lọ láìní ohun ìjà, àfi bírò àti ìwé pélébé, ilé tí wọ́n ti ń wò ó á pa lọ́lọ́, ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà á gbàgbé ẹ̀pà sí ẹnu. Ojú lásán kọ́ ni ènìyàn fi ń wò ó.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹrù àlòkù ni Mutmainah ti rí kásẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ rà. Ó gbé e pa mọ́ fún Kúlúsúmù ìyá rẹ̀, nítorí obìnrin náà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ fíìmù yẹn rárá. Nígbà tí Mutmainah rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ní Ìmọ́tà, tó sì gba yàrá sí Ìkòròdú, ó dì í sáàárín aṣọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ fídíò aládùúgbò rẹ̀ kan jẹ okùn kásẹ́ẹ̀tì náà, ṣe ló dà bíi pé bàbá rẹ̀ tún kú. Wọ́n ní kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Gáréèjì Ìkòròdú, pé ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń kó fíìmù àtijọ́ sínú fóònù.

Mubashir ni orúkọ ọmọkùnrin náà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ tóbi díẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ mú kásẹ́ẹ̀tì bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o," Mutmainah ní.

"Mo ń rọra, mà. Ìgbéyàwó yín ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Mi ò tíì lọ́kọ. Bàbá mi ló wà níbẹ̀."

Mubashir tú u, ó nu ún, ó tún okùn rẹ̀ ká, ó wá fi sínú ẹ̀rọ. Bí àwòrán ṣe jáde, ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó rí ẹni tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé etí ọ̀sà, Mutmainah ní, "Ibẹ̀ nìyẹn."

"Akọ̀ròyìn yẹn ni bàbá yín?"

"Rárá. Òkú yẹn ni."

Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín. Mubashir kò rẹ́rìn-ín. Ó dá àwòrán náà padà sẹ́yìn, ó jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan àyà ọkùnrin náà lórí gíláàsì.

"Ẹ wò ó, mà. Ó ń mí."

Mutmainah wò ó. Tìmáàtì yẹn ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Àìmọye ìgbà ló ti wo fíìmù yìí, tìmáàtì ló máa ń wò, kò wo èémí rí. Bàbá rẹ̀ ń mí! Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀ níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí. Mubashir dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ẹ̀yìn sí i títí ó fi sunkún tán. Ẹ má bi mí léèrè ìgbà tí ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀yìn tó kọ sí i yẹn ni.

Láti ọjọ́ náà, Àbámẹ́ta kò gbọ́dọ̀ dé kí Mutmainah máà ní kásẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ tún ṣe. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tán, ó ń wá láìmú nǹkan kan dání. Wọ́n jọ wo gbogbo apá Adéòjó Akọ̀ròyìn tí Mubashir ní. Wọ́n ń fi olè tó gbàgbé wọ bàtà kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ọlọ́pàá tó ń sọ ọ̀rọ̀ inú fóònù tí kò ní wáyà ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀rín á dá, wọ́n á kàn jókòó, ẹnu á yà wọ́n pé ènìyàn díẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ lè dá ayé kan sílẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ kan ni Mubashir tó tú ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú. Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n wà, ní èbúté, wọ́n ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò.

"Mutmainah, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n ti sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá mi ló ṣe fíìmù yẹn. Bàbá mi ni díréétọ̀."

"Ọláògún tí wọ́n kọ sí ìparí yẹn?"

"Òun ni. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé wàá ní bàbá mi ló da tìmáàtì sí bàbá rẹ láyà."

Mutmainah rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn ún. Ìbẹ̀rù kan tó dùn ló wá mú un. Ọlọ́run wo ló ń to nǹkan báyìí, tí bàbá ẹni kan fi ya àwòrán bàbá ẹnì kejì, tí ọmọ àwọn méjèèjì fi wá pàdé nídìí rẹ̀? Nígbà tí Mubashir ní òun fẹ́ ẹ, pé kó jẹ́ kí òun wá rí ìyá rẹ̀, kò ṣe yàngà. Ó ní kó wá.

Ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ kì í dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé lọ. Waliyah, àbúrò Kúlúsúmù, ló fi ṣe alárinà. Obìnrin ẹlẹ́fẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí kò lè bá sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ààrò, níbi tó ti ń yí ẹja padà, Mutmainah sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ti rí ọkọ o. Mùsùlùmí ni, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, kì í mutí. Etí rẹ̀ ló kàn tóbi díẹ̀, ẹ máa fojú fo ìyẹn."

Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín. "Etí ńlá ló ń gbọ́ ìmọ̀ràn. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Ọláògún ni, ní Ìkòròdú. Ẹni tó ń ṣe fíìmù nígbà kan."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ Kúlúsúmù sínú iná. Kò mú un.

"Waliyah, àwọn tó tẹ́ ọkọ mi sílẹ̀ bí òkú tí wọn ò jí i, ilé wọn lo fẹ́ kí n fọ́mọ fún?"

Ẹni tí kò bá mọ ìṣe àwọn òṣèré lè rò pé ó ń ṣe ìrànrán. Nínú iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá ṣe òkú, a kì í fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó palẹ̀ ẹrù mọ́, díréétọ̀ gbọ́dọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó dìde, wọ́n á sì fún un ní oyin lá, kí ikú eré má bàa di ikú tòótọ́. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kúlúsúmù wà ní Ìjẹ̀dẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ya fíìmù náà, ọjọ́ tó bímọ gan-an ni. Àwọn tó wò wọ́n ní òjò lé wọn, oníkálukú sá, àwọn ò rí ẹni tó jí Mùsílíù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀ wá síbi ìsọmọlórúkọ.

"Omi ló gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi," Waliyah ní pẹ̀lẹ́. "Ẹ ti lọ Mẹ́kà. Ṣé ó wà nínú Kùránì pé kí wọ́n jí òkú fíìmù?"

"Kò sí níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń pa, òun náà ló ń jí. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi ní gbogbo ìrun. Ṣùgbọ́n mo wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀kan, Waliyah. Ó dùbúlẹ̀, lékeléke kọjá, wọ́n fi í síbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dijú, ibẹ̀ ló ṣì wà. Kò sẹ́ni tó pè é."

Mutmainah fi orí ti ògiri. Ó rò pé òun nìkan ló ń gbé òkú yẹn kiri.

Ní Ìkòròdú, nígbà tí Mutmainah ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, Mubashir kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Díréétọ̀ nígbà kan ti di arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ tó ń sin adìyẹ.

"Bàbá, ṣé ẹ jí Mùsílíù lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá Ọláògún gbé abọ́ oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀. "Mi ò lè búra, ọmọ mi. Òjò dé, kámẹ́rà àyálò ni, ẹ̀rù bà mí kó má tutù. Nígbà tí mo gbọ́ ikú ọkùnrin yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè. Ohun tó jẹ́ kí n fi fíìmù sílẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé màá rántí tó bá yá. N kò rántí."

"Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi yà á ńkọ́?"

"A kì í fi kásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbà yẹn, ó wọ́n. Lórí èyí tí a ti lò náà ni mo tún ti ń ya ayẹyẹ kiri."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mubashir kó páálí kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi wọ́n sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìṣílé. Òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó parí, Mutmainah sì ti ń kọ́ ara rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé etí ńlá. Kò mọ̀ ọ́n kọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ó yẹ kó kọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń rántí pé ìyá yẹn kò tún lọ́kọ mìíràn nítorí tirẹ̀. Ní ọjọ́ kan, Mubashir pè é lórí fóònù.

"Mo rí i. Ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó máa lọ, mo ń jẹun. Ìgbéyàwó parí, mo rí etí ọ̀sà. Ayẹyẹ yẹn ò gùn tó láti pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

Mutmainah sáré bi í. "Ṣé ó dìde?"

"Mi ò mọ̀. Bí mo ṣe rí i tó dùbúlẹ̀, mo pa á."

"Kí ló dé tí o ò wò ó?"

"Tí mo bá wò ó tí kò dìde ńkọ́, ṣé màá lè gbé e wá bá yín? Tí mi ò bá sì lè gbé e wá, irú ọkọ wo ni mo fẹ́ jẹ́ fún ẹ?"

Mutmainah di fóònù náà mọ́ etí. Ó kàn mọ̀ nísinsìnyí ohun tó máa pàdánù tí ọkùnrin inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn kò bá dìde.

Waliyah tún lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní Mubashir ti rí kásẹ́ẹ̀tì náà, kò sì tíì wò ó. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kúlúsúmù gbọ́ ọ títí, ó ní, "Kí wọ́n gbé e wá. Kí bàbá ọmọ náà bá a wá. Tí wọ́n bá jí ọkọ mi, màá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó. Tí wọn ò bá jí i, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ Ọláògún nínú ilé yìí mọ́."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni wọ́n dé. Bàbá Ọláògún jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di fìlà rẹ̀ mú. Mubashir so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mutmainah jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyàwó Ìjẹ̀dẹ́ kan jó, ó jó, àwòrán rẹ̀ fọ́ yángá, etí ọ̀sà sì yọ. Mùsílíù nà sílẹ̀. Adéòjó dé, ó yọ bírò. "Ẹni tó pa ọkùnrin yìí kò mọ̀ pé ìwé ìròyìn..." Kó tó sọ ọ́ tán, ikùn òkú bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ohùn kan pariwo lẹ́yìn kámẹ́rà, ohùn Bàbá Ọláògún nígbà tó ṣì le, pé, "Mùsílíù, òkú kì í rẹ́rìn-ín!"

Mùsílíù dìde jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ ní àlàfo, bíi ti Mutmainah gẹ́lẹ́.

"Díréétọ̀, ẹ má bínú. Ìyàwó mi bímọ láàárọ̀ yìí ní Ìjẹ̀dẹ́, ẹ wá ní kí n kú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kú?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Mutmainah gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ó tinrín ju bó ṣe rò lọ. Ìbí tirẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń sọ. Òun ni kò jẹ́ kó lè kú.

Wọ́n ní kó tún dùbúlẹ̀. Ó tún kú, ó tún rẹ́rìn-ín, ó tún dìde. Ó kú, ó jí, ó kú, ó jí. Waliyah ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i? Ó dìde."

Kúlúsúmù kò gbé ojú kúrò. "Ìyẹn kì í ṣe jíjí. Eré ló bà jẹ́. Èyí tí lékeléke wà ni mo ń retí."

Lékeléke dé. Mùsílíù dùbúlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó pa rọ́rọ́. Adéòjó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ẹyẹ kọjá, wọ́n ní ó tó. Ojú ọ̀run ti dúdú. Àràá sán. "Òjò o! Ẹ gbé kámẹ́rà!" Ẹsẹ̀ ń sáré. Kámẹ́rà yí bìrí lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, kò sì pa á. Ẹni náà gbé e sí abẹ́ òrùlé kan, ó sá lọ kó ẹrù. Ní ọ̀nà jíjìn, ní igun àwòrán, Mùsílíù ṣì dùbúlẹ̀ lórí iyanrìn, òun nìkan. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lé e. Kò sẹ́ni tó pè é.

Nínú yàrá náà, Bàbá Ọláògún ti fi ọwọ́ bo ojú. Mutmainah kò lè wo Mubashir. Ohun gbogbo ti parí, ó mọ̀.

Kúlúsúmù tẹ̀ síwájú lórí àga. Obìnrin Ẹ̀pẹ́ kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, orúkọ tó sì yẹ kó fi máa pè é kò bá a láyé. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́, ohùn tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, sọ ọ́:

"Bàbá Mutmainah. Ẹ dìde, ọmọ ń dúró dè yín."

Ọkùnrin náà la ojú.

Ó la ojú, ó gbé orí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ti gbàgbé òkú yín ni?" Ó dìde dúró, ó gbọn iyanrìn lára, ó na ọwọ́ méjèèjì sí òjò, tìmáàtì ń ṣàn kúrò láyà rẹ̀ títí aṣọ fi mọ́. Ó sáré jáde kúrò nínú àwòrán. Òjò nìkan ló kù.

Bàbá Ọláògún dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú Kúlúsúmù, arúgbó fún ẹni tó kéré sí i. "Mo fi í sílẹ̀," ó ní. "Ẹ forí jì mí."

"Ẹ fi í sílẹ̀ lóòótọ́," Kúlúsúmù dáhùn. "Èmi ni mo jí i. Ẹ dìde, ẹ̀yin náà."

Ó yíjú sí Mubashir. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, láti etí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ tí o kò kọ́kọ́ wò ó. O lè máa pè mí ní ìyá. Waliyah á sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá tọrọ rẹ̀ fún yín."

"Bójú bá ti mojú, alárinà á yẹ̀bá," Waliyah ní, ó sì lọ sínú ilé kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń sunkún.

Kúlúsúmù fi ọwọ́ lé Mutmainah lórí, ó wá ní kí Mubashir dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sẹ́yìn, síbi tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ọkùnrin náà tún wà nílẹ̀, òun nìkan, lórí iyanrìn.

"Ìwọ náà pè é," Kúlúsúmù ní. "Ó ti pẹ́ tó ti ń retí rẹ."

Mutmainah kò pe ẹnikẹ́ni ní bàbá rí láyé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó sún mọ́ gíláàsì, ó pè é, bàbá rẹ̀ sì dìde.